Soichiro Honda: Ọmọ alágbẹ̀dẹ tí àlòkù ọkọ̀ rẹ̀ kì í sọ iyì nù

Kò sí ẹni tó ti ra ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ rí tí kò mọ̀ pé ọjọ́ tí wọ́n bá ti gbé ọkọ̀ tuntun jáde kúrò ní ṣọ́ọ̀bù ni owó rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í já wálẹ̀. Bí ọdún ṣe ń gorí ọdún ni iye rẹ̀ yóò máa rẹlẹ̀, títí tí yóò fi dé ọwọ́ àwọn tó ń wọn irin ní kìlò. Ṣùgbọ́n àwọn ọkọ̀ kan wà tí òfin yìí kò mú. Kékeré ni wọ́n, wọn kì í ṣe ọkọ̀ àwọn ọba tàbí ti olówó ńlá, ilẹ̀ Jàpáànì ni wọ́n sì ti ṣe wọ́n. Ẹni tó ra Honda S2000 ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2000 san nǹkan bíi 32,000 dọ́là. Èyí tí wọ́n tọ́jú dáadáa nínú wọn, tí kò tíì rin ìrìn púpọ̀, ń lọ ní iye tó ju bẹ́ẹ̀ lọ lónìí, lẹ́yìn ọdún tó ju 20 lọ. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ rí pẹ̀lú Integra Type R tó kọ́kọ́ jáde lọ́dún 1995.

Ọkùnrin tí orúkọ rẹ̀ wà lára àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí kò fojú kàn wọ́n kó tó kú. Ọjọ́ 5, oṣù kẹjọ, ọdún 1991 ni Soichiro Honda jáde láyé. Síbẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdí tí owó kò fi ń sá lára wọn, tó sì fẹ́ ra èyí tí apá rẹ̀ ká nínú wọn láìfi owó rẹ̀ ṣòfò, ìtàn ọkùnrin yìí ló yẹ kó kọ́kọ́ gbọ́.

Abúlé kan tí wọ́n ń pè ní Komyo, tó ti di ara ìlú Hamamatsu báyìí, ni wọ́n ti bí i lọ́jọ́ 17, oṣù kọkànlá, ọdún 1906. Gihei ni orúkọ bàbá rẹ̀, iṣẹ́ àgbẹ̀dẹ ló ń ṣe. Mika ni orúkọ ìyá rẹ̀, ahunṣọ ni. Nígbà tí kẹ̀kẹ́ ológeere dé agbègbè wọn, Gihei bẹ̀rẹ̀ sí í ra àwọn tó ti bàjẹ́, ó ń tún wọn ṣe, ó sì ń tà wọ́n padà. Láti kékeré ni ọmọ náà ti ń rí i pé ohun tí ẹnìkan ti lò gbó lè padà di ohun tí ẹlòmíràn yóò fi tayọ̀tayọ̀ sanwó fún, bí ọwọ́ tó tún un ṣe bá jẹ́ ọwọ́ gidi. Ká ní ilẹ̀ Yorùbá ni wọ́n ti bí i ni, ọmọ Ògún ni wọn ìbá pè é, kò sì ní ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu pé ìdí irin ló ti jẹun dalẹ́.

Ìwé kò wù ú. Ní ilé-ìwé wọn, òbí gbọ́dọ̀ fi òǹtẹ̀ ẹbí lu ìwé àbájáde ẹ̀kọ́ kí ọmọ tó dá a padà fún olùkọ́. Soichiro mọ̀ pé ohun tó wà nínú ìwé tirẹ̀ kò ṣe é fi han bàbá. Ó mú rọ́bà ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ kan tó ti gbó, ó gbẹ́ orúkọ ẹbí wọn sí i, ó sì fi lu ìwé náà. Nígbà tó rí i pé ó jẹ́, ó bá àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ gbẹ́ tiwọn. Ibẹ̀ ni àṣírí ti tú. Bí àwọn ará Jàpáànì ṣe ń kọ Honda lóòró, apá ọ̀tún àti apá òsì rẹ̀ dọ́gba, nítorí náà kò sí bí ènìyàn ṣe gbẹ́ ẹ tí kò ní jáde dáadáa. Orúkọ àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀, ìdàkejì ló hàn lórí ìwé. Ìyà jẹ ẹ́ fún un nílé.

Ọmọdé náà ni nígbà tí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ àkọ́kọ́ tó rí láyé rẹ̀ gba abúlé wọn kọjá. Ó sáré tẹ̀lé e. Níbi tí ọ́ìlì ọkọ̀ náà ti kán sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ìka kàn án, ó sì gbóòórùn rẹ̀. Títí tó fi darúgbó ló ń sọ nípa òórùn yẹn.

Lọ́dún 1922, nígbà tó jẹ́ ọmọ ọdún 15, ó gba Tokyo lọ láti kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì ní ilé-iṣẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní Art Shokai, tó jẹ́ ti Yuzo Sakakibara. Iṣẹ́ tí wọ́n kọ́kọ́ gbé fún un kì í ṣe ti ọkọ̀ rárá. Ọmọ ọ̀gá ni wọ́n ní kó máa pọ̀n. Oṣù bíi mélòó kan ló fi ń pọ̀n ọmọ kiri láàárín ọkọ̀, tó ń wo bí àwọn ẹ̀gbọ́n ṣe ń tú ẹ́ńjìnnì, tí kò sì láǹfààní láti fọwọ́ kan sípánà. Ó rò ó pé kóun kó ẹrù òun padà sílé, ṣùgbọ́n ojú bàbá rẹ̀ kò ṣe é wò. Ọjọ́ kan tí iṣẹ́ pọ̀ jù ni ọ̀gá pè é pé kó wá ran wọ́n lọ́wọ́, láti ọjọ́ náà ló sì ti bọ́ sábẹ́ ọkọ̀.

Ohun tó sọ ọ́ di ọ̀gá láìpẹ́ ọjọ́ ni ìmìtìtì ilẹ̀ ńlá tó wáyé ní Tokyo lọ́jọ́ 1, oṣù kẹsàn-án, ọdún 1923. Iná jó ilé-iṣẹ́ wọn, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ sì padà sí ìlú wọn. Soichiro wà lára àwọn díẹ̀ tó dúró ti Sakakibara. Àwọn ọkọ̀ tí iná ti jó ni wọ́n ń kó jọ, tí wọ́n ń tú, tí wọ́n sì ń sọ di ohun tó tún lè rìn. Ilé-ẹ̀kọ́ wo ló ju ìyẹn lọ? Ẹni tó bá ti mú ọkọ̀ tó jóná dìde kúrò nílẹ̀ ti mọ ibi tí ọkọ̀ máa ń kú sí, ó sì ti mọ ibi tí kì í kú sí.

Sakakibara fẹ́ràn eré-ìje ọkọ̀. Òun àtàwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ gbé ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ òfurufú Curtiss sínú ọkọ̀ kan, wọ́n sì gbé e lọ síbi ìdíje lọ́jọ́ 23, oṣù kọkànlá, ọdún 1924. Shinichi, àbúrò ọ̀gá, ló wà á, Soichiro tó jẹ́ ọmọ ọdún 18 sì jókòó tì í gẹ́gẹ́ bíi mẹkáníìkì. Ipò kìíní ni wọ́n gbé. Láti ọjọ́ yẹn ni eré sísá ti wọ ọ̀dọ́kùnrin náà lẹ́jẹ̀. Lọ́dún 1928, ọ̀gá rẹ̀ fún un láyè láti ṣí ẹ̀ka Art Shokai sí Hamamatsu, iṣẹ́ náà sì búrẹ́kẹ́. Lóṣù kẹfà ọdún 1936, òun àti Benjiro àbúrò rẹ̀ gbé ọkọ̀ tí wọ́n fọwọ́ ara wọn ṣe lọ síbi ìdíje ní Tamagawa. Ọkọ̀ mìíràn já lu ọ̀nà wọn, tiwọn sì fò sókè. Orí ló kó àwọn méjèèjì yọ. Benjiro fara pa gidigidi, Soichiro náà gbọgbẹ́.

Ìgbà tó ń wo ọgbẹ́ náà sàn ni ọkàn rẹ̀ kúrò nínú títún ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ ṣe, tó sì fẹ́ máa ṣe nǹkan tirẹ̀. Ohun tó mú ni ríìngì písítìnì. Àwọn òǹkàwé tó ti na owó lórí ọkọ̀ mọ ríìngì dáadáa. Òrùka irin tín-ínrín ni, òun ló yí písítìnì ká nínú ẹ́ńjìnnì, tí kì í jẹ́ kí ọ́ìlì gòkè, tí kì í sì í jẹ́ kí agbára iná jò lọ sísàlẹ̀. Bí ọkọ̀ bá ń tú èéfín tó dà bí aró, tí mẹkáníìkì sì ń mi orí, òun ló ti jẹ.

Soichiro rò pé nǹkan kékeré ni. Ilé-iṣẹ́ Tokai Seiki ló dá sílẹ̀ fún un, àmọ́ gbogbo èyí tó ń dà láti inú iná ló ń ṣẹ́ tàbí kó máa há. Òru ló ń fi ṣe ọ̀sán, owó tó ti kó jọ ń lọ, irun sì kún orí rẹ̀ bí ti wèrè. Nígbẹ̀yìn, ó gbé ọ̀kan lọ bá olùkọ́ kan ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga iṣẹ́ ẹ̀rọ tó wà ní Hamamatsu. Ẹni yẹn yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì sọ fún un pé èròjà tí wọ́n ń pè ní sílíkọ́nì kò tó nínú irin rẹ̀. Soichiro kò tilẹ̀ mọ̀ pé nǹkan bẹ́ẹ̀ wà. Bàbá ẹni tó ti lé ní 30 ọdún, tó ní òṣìṣẹ́ lábẹ́, wá forúkọ sílẹ̀ láàárín àwọn ọmọdé, ó ń jókòó sí kíláàsì. Ohun tó jẹ mọ́ ríìngì ló ń gbọ́, ìyókù kò kàn án. Kò ṣe ìdánwò, kò sì gba ìwé-ẹ̀rí kankan jáde níbẹ̀.

Nígbà tó rò pé òun ti mọ̀ ọ́n ṣe, ó fẹ́ máa tà á fún Toyota. Nínú 50 ríìngì tí wọ́n yẹ̀ wò, 3 péré ló yege. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ìyẹn ìbá mú padà sẹ́nu iṣẹ́ mẹkáníìkì. Kì í ṣe òun. Ó rìnrìn àjò kiri àwọn ilé-iṣẹ́ irin àti ilé-ẹ̀kọ́ gíga ilẹ̀ Jàpáànì láti wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é, títí tí iṣẹ́ rẹ̀ fi dé ojú ìwọ̀n. Nígbà ogun àgbáyé kejì, Toyota fúnra rẹ̀ ra ìpín ńlá nínú Tokai Seiki. Bọ́ǹbù Amẹ́ríkà wó apá kan ilé-iṣẹ́ náà, ìmìtìtì ilẹ̀ oṣù kìíní ọdún 1945 sì wó apá kejì. Ogun parí, ó ta ohun tó ṣẹ́kù fún Toyota ní 450,000 yen, ó sì fi bí ọdún kan sinmi.

Mélòó ni a ó kà nínú ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà? Lọ́dún 1946, ó rí àwọn ẹ́ńjìnnì kékeré kan tí àwọn ológun ń fi gbé iná fún rédíò. Ó so wọ́n mọ́ kẹ̀kẹ́ ológeere, Sachi ìyàwó rẹ̀ sì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gùn ún láàárín ìgboro. Epo bẹntiróòlù wọ́n, wọ́n ń fi epo tí wọ́n fún lára igi páìnì là á. Lọ́jọ́ 24, oṣù kẹsàn-án, ọdún 1948, ó dá ilé-iṣẹ́ Honda sílẹ̀ pẹ̀lú òṣìṣẹ́ 34. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Takeo Fujisawa dara pọ̀ mọ́ ọn. Soichiro kọjú sí ẹ̀rọ, Fujisawa kọjú sí owó àti ọjà, ẹnìkan kò sì dá sí ti ẹnìkejì. Alùpùpù Super Cub tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 1958 ni ó sọ wọ́n di olówó. Nígbà tó fi di ọdún 2017, iye èyí tí wọ́n ti ṣe nínú rẹ̀ ti pé mílíọ̀nù 100. Àwa náà kò ṣàìmọ̀ wọ́n nílé níbí, nítorí láti ọdún 1979 ni ilé-iṣẹ́ Honda ti fìdí kalẹ̀ sí Òtà, ní ìpínlẹ̀ Ògùn.

Lọ́dún 1954, Soichiro kéde pé àwọn yóò lọ bá àwọn òyìnbó díje ní erékùṣù Isle of Man, níbi eré-ìje alùpùpù tó le jù láyé. Ó lọ wò ó fúnra rẹ̀, ẹ̀rù sì bà á, nítorí agbára ẹ́ńjìnnì àwọn ará Yúróòpù tó ìlọ́po mẹ́ta tirẹ̀. Ẹ́ńjìnnì kò sì gbọ́dọ̀ tóbi ju ìwọ̀n tí òfin ìdíje fi lélẹ̀ lọ. Kò sí ọ̀nà mìíràn ju pé kí ẹ́ńjìnnì kékeré máa yí kíákíá ju bó ṣe ń yí tẹ́lẹ̀. Ẹ́ńjìnnì tó bá ń yí bẹ́ẹ̀ yóò fọ́ túútúú bí irin inú rẹ̀ bá fi díẹ̀ yàtọ̀ sí bó ṣe yẹ kó rí. Ẹni tí ríìngì ti kọ́ lọ́gbọ́n mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Wọ́n díje níbẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́dún 1959, nígbà tó sì di ọdún 1961, àwọn ni wọ́n gba ipò kìíní dé ìkarùn-ún ní ìsọ̀rí méjì. Ibí yìí gan-an ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀ wa wà. Ẹ́ńjìnnì kékeré tó ń yí bí òkòtó, tí kì í sì í tètè bàjẹ́, òun ni ohun tí àwọn ènìyàn ṣì ń sanwó lé lórí.

Ìjọba Jàpáànì kò fẹ́ kó ṣe ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́. Àwọn ọ̀gá òṣìṣẹ́ ọba gbèrò òfin tí yóò fi ilẹ̀kùn tì mọ́ ilé-iṣẹ́ tuntun, kí Toyota àti Nissan lè rí àyè gbòòrò. Inú bí Soichiro, ó sì sọ fún wọn láìfi bò pé bí wọ́n bá fẹ́ máa pàṣẹ fún òun, kí wọ́n wá ra ìpín nínú ilé-iṣẹ́ òun. Ó yára kí òfin tó jáde. Lóṣù kẹjọ ọdún 1963 ó gbé ọkọ̀ akẹ́rù kékeré T360 síta, nígbà tó di oṣù kẹwàá, S500 tẹ̀ lé e. Ọkọ̀ eléré ìje kékeré tí kò bo orí ni S500, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò ju ìdajì lítà àti díẹ̀ lọ, síbẹ̀ ìgbà 8,000 láàárín ìṣẹ́jú kan ló ń yí kí agbára rẹ̀ tó pé pérépéré. Ọ̀pọ̀ alùpùpù ìgbà náà kò lè yí bẹ́ẹ̀. Lọ́dún 1964 wọ́n wọ eré-ìje Formula One, lóṣù kẹwàá ọdún 1965, Richie Ginther sì gba ipò kìíní fún wọn ní Mẹ́síkò.

Ṣùgbọ́n agídí tó gbé e débẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ ba ohun gbogbo jẹ́. Soichiro gbà pé afẹ́fẹ́ ló yẹ kó máa tu ẹ́ńjìnnì lára, kì í ṣe omi. Àwọn ọ̀dọ́ onímọ̀ ẹ̀rọ abẹ́ rẹ̀ ní omi ni. Kò gbọ́. Lọ́dún 1968 wọ́n ṣe ọkọ̀ ìje tó ń lo afẹ́fẹ́, John Surtees tó jẹ́ ọ̀gá awakọ̀ wọn gbìyànjú rẹ̀, ó sì kọ̀ láti fi díje torí ó ní ewu ń bẹ nínú rẹ̀. Wọ́n gbé e fún Jo Schlesser, ọmọ ilẹ̀ Faransé. Lọ́jọ́ 7, oṣù keje, ní Rouen, òjò ń rọ̀, ọkọ̀ náà yà kúrò lójú ọ̀nà, ó gbiná, Schlesser sì kú sínú rẹ̀. Pẹ̀lú èyí náà, ọkọ̀ Honda 1300 tí wọ́n gbé jáde fún aráyé lọ́dún 1969 ṣì ń lo afẹ́fẹ́. Ó wúwo, iṣẹ́ inú rẹ̀ díjú, kò sì tà bí wọ́n ṣe retí. Ẹni tó bá ń to oríyìn jọ fún Soichiro, tó sì fo ibí yìí, kò tíì sọ ìtàn rẹ̀.

Àwọn ọ̀dọ́ náà lọ bá Fujisawa. Fujisawa pè é, ó sì bi í léèrè bóyá ààrẹ ilé-iṣẹ́ ló fẹ́ jẹ́ ni tàbí onímọ̀ ẹ̀rọ. Soichiro dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó sì dáhùn pé ó ní láti jẹ́ pé ààrẹ lòun. Lẹ́yìn ìyẹn ló fún wọn láyè pé kí wọ́n máa lo omi. Ohun tó jáde nínú àyè yẹn ni Civic ti oṣù keje ọdún 1972, àti ẹ́ńjìnnì CVCC tí wọ́n kéde lọ́dún kan náà. Òfin Amẹ́ríkà lórí èéfín ọkọ̀ ti le nígbà náà, àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ibẹ̀ sì ń kígbe pé kò ṣeé ṣe. CVCC ní yàrá kékeré kan lókè ibi tí epo ti ń jó. Epo tó ki díẹ̀ ló ń gbiná níbẹ̀, iná náà á sì tàn dé ọ̀dọ̀ èyí tó ṣàn, tí gbogbo rẹ̀ á jó tán pátápátá. Òun ló kọ́kọ́ bá òfin náà mu láìlo ẹ̀rọ mìíràn láti fọ èéfín. Nígbà tí Soichiro ń yọ̀ pé àǹfààní ti dé láti borí àwọn ará Amẹ́ríkà, àwọn ọ̀dọ́ ibi iṣẹ́ jẹ́ kó mọ̀ pé nítorí afẹ́fẹ́ tí àwọn ọmọ àwọn yóò mí ni àwọn fi ń ṣe é. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára. Lóṣù kẹwàá ọdún 1973, òun àti Fujisawa fẹ̀yìn tì lọ́jọ́ kan náà. Kò gbé ilé-iṣẹ́ náà fún ọmọ. Hirotoshi ọmọ rẹ̀ ti dá ilé-iṣẹ́ Mugen tirẹ̀ sílẹ̀ lọ́tọ̀, níbi tí wọ́n ti ń ṣe ẹ́ńjìnnì ìje.

Ó lo àsìkò ìsinmi rẹ̀ láti rin gbogbo ilẹ̀ Jàpáànì, ó ń dé gbogbo ibi tí wọ́n ti ń ṣe Honda àti ibi tí wọ́n ti ń tà á, ó ń bọ gbogbo òṣìṣẹ́ lọ́wọ́. Ọ̀kan nínú wọn fẹ́ lọ nu ọ́ìlì ọwọ́ rẹ̀ nù ná, bàbá náà kò gbà, ó dì í mú bẹ́ẹ̀. Ó rí NSX tó jáde lọ́dún 1990, ọkọ̀ tí Ayrton Senna bá wọn gbìyànjú. Nígbà tó kú lẹ́ni ọdún 84, ó ti fi sílẹ̀ pé kí ilé-iṣẹ́ má ṣe ìsìnkú ńlá fún òun, nítorí kò yẹ kí ẹni tó ń ṣe ọkọ̀ dá súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ sílẹ̀ fún ará ìlú.

Ọdún méjì ṣáájú ikú rẹ̀ ni ohun tí àwọn tó ń wá àlòkù ọkọ̀ Honda ń lépa jùlọ jáde. VTEC ni wọ́n pè é, inú Integra ọdún 1989 ni wọ́n kọ́kọ́ fi í sí. Ẹ́ńjìnnì lítà 1.6 náà ní agbára ẹṣin 160. Ojú méjì ni irin tó ń ṣí fáàfù rẹ̀ ní, ọ̀kan fún ìrìn jẹ́jẹ́ inú ìgboro, èkejì fún eré. Bí awakọ̀ bá tẹ iná mọ́lẹ̀, agbára ọ́ìlì á ti irin kékeré kan wọlé láti gba ojú kejì. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti dé orí Integra Type R, tí wọ́n ń fọwọ́ dán ojú ihò inú ẹ́ńjìnnì rẹ̀, Civic Type R ọdún 1997, àti S2000 ọdún 1999 tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń yí tó ìgbà 9,000 láàárín ìṣẹ́jú kan.

Àwọn wọ̀nyẹn ti gbówó lórí. Ẹni tí àpò rẹ̀ kò jìn lè wo ọ̀dọ̀ àwọn àbúrò wọn tí ẹ̀jẹ̀ kan náà ń ṣàn nínú wọn. Civic Si tí wọ́n ṣe láti ọdún 2006 sí 2011 ní agbára ẹṣin 197, gíà ọlọ́wọ́ mẹ́fà, iye rẹ̀ sì jẹ́ bíi 20,000 dọ́là nígbà tó wà ní tuntun. Acura RSX Type-S ti ọdún 2002 sí 2006 wà, bẹ́ẹ̀ náà ni Integra GS-R ti ọdún 1994 sí 2001. Èyí tó bá wá láti Jàpáànì fúnra rẹ̀ kò ṣe é kó wọ Nàìjíríà, nítorí ọwọ́ ọ̀tún ni ìdarí rẹ̀ wà, òfin wa kò sì gbà á. Nílé níbí pàápàá, ohun tí mẹkáníìkì bá lè rí ẹ̀yà rẹ̀ ní Ládípọ̀ ló ń pa owó mọ́, ìdí sì nìyẹn tí Accord ọdún 2003, tí wọ́n ń pè ní End of Discussion, kò fi tíì kúrò lẹ́nu àwọn ènìyàn.

Kí ènìyàn tó sanwó, àárọ̀ ni kó lọ, kí ọkọ̀ náà tó gbóná, kó tó dá a sílẹ̀. Kó fa ọ̀pá ọ́ìlì jáde kó wò ó, nítorí ọ́ìlì ló ń ṣiṣẹ́ fún VTEC, àwọn ẹ́ńjìnnì wọ̀nyí sì máa ń jẹ ẹ́ bí wọ́n bá ń fi wọ́n sáré. Ẹni tó bá wà á láìyẹ ọ́ìlì wò ti pa á. Kó wo èéfín rẹ̀ bóyá ó dà bí aró. Kó béèrè ìgbà tí wọ́n pààrọ̀ bẹ́líìtì táímìnì Integra ti àtijọ́. Civic Si àti S2000 ń lo ṣéènì ní tiwọn. Kó tẹ́tí sí gíà kẹta Civic Si ọdún 2006 sí 2008, èyí tó máa ń han tàbí kó fò jáde. Kó wo abẹ́ ìpéǹpéjú táyà ẹ̀yìn bóyá ìpẹtà ti jẹ ẹ́. Èyí tí ọ̀dọ́langba kan ti kó ẹ̀yà òkèèrè kún, tó ti gé ìdí rẹ̀ kúrò kó lè rẹlẹ̀, kó fi í sílẹ̀ fún ẹlòmíràn. Èyí tó wà bí Honda ṣe ṣe é gan-an, pẹ̀lú ìwé ìtọ́jú rẹ̀, ni owó kì í sá lórí rẹ̀.

Bí ẹnikẹ́ni bá sì sọ pé Type R lòun fẹ́ tà, kó ka nọ́ńbà tó wà lára irin ọkọ̀ náà, kó má wo àmì pupa tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn níwájú. Ti Civic Type R àkọ́kọ́ ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú EK9, ti S2000 ilẹ̀ Jàpáànì sì ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú AP1 tàbí AP2. Àmì pupa wà lọ́jà fún owó kékeré, ọ̀pọ̀ Civic lásán ni wọ́n sì ti fi ṣe lọ́ṣọ̀ọ́.